Agogo Kẹ̀kẹ́ fún Ọmọ Tó Ń Bọ̀

Èmi, Fèyíkẹ́ Olúbùnmi Mákindé, ọmọ Ọláwọlé ti Iléṣà, ìyàwó Adéolúwa Mákindé, tí mò ń gbé ní Newtown ní ìlú Johannesburg, ni mo fi ọwọ́ ara mi kọ ìwé yìí. Orí mi pé, ara mi le, ẹnikẹ́ni kò sì fipá mú mi. Kí n tó pín ohunkóhun, mo ní láti jẹ́wọ́ ohun tí mo ti ń fi pamọ́ láti oṣù kẹfà: mo lóyún. Ẹ̀yin tí ẹ ń rí mi ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí ẹ ń sọ pé òtútù ọdún yìí mú mi ju gbogbo ayé lọ, kì í ṣe òtútù nìkan ni mo ń wọ ẹ̀wù ńlá yẹn fún.

Kí àyà ẹnikẹ́ni má já pé ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé ń kọ ìwé ìhágún. Lọ́yà ló ní kí tọkọtaya tó ń retí ọmọ sọ ẹni tí yóò tọ́ ọ bí àwọn kò bá sí. N kò ní ikú í kú. Ayọ̀ ló gbé kálàmù lé mi lọ́wọ́.

1. Mo yan ọkọ mi àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bùrọ̀dá Ọlọ́runṣògo, tó ń kọ́ni ní yunifásítì ní Auckland Park, láti mú ọ̀rọ̀ inú ìwé yìí ṣẹ. Bùrọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ó sọnù sáàárín ìwé àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín.

2. Yàrá tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi nínú ilé wa ní Iléṣà, mo fi í fún Aǹtí Àbísóyè, ẹ̀gbọ́n mi, tó tọ́ mi láti ìgbà tí ìyá wa ti kú.

3. Gbèsè kan ṣoṣo tí ẹnikẹ́ni jẹ mí, mo fi jì í. Aǹtí Àbísóyè, ẹ̀yin ni. Nígbà tí mo di ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, ẹ gba kẹ̀kẹ́ mi, ẹ gbé e fún ọmọ aládùúgbò. Ẹ bi mí pé bí mo bá ń sáré lórí irin báyìí, ọkọ wo ni yóò máa sá tẹ̀ lé mi. Aǹtí, mo ti rí i. Ẹnjiníà ni ní Fourways. Gbogbo ọjọ́ Àìkú lẹ́yìn ìsìn, ní gbàgede Mary Fitzgerald, Adéolúwa di ìjókòó kẹ̀kẹ́ mi mú, ó ń sá tẹ̀ lé mi nínú ṣòkòtò ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn awakọ̀ táksí sì ń fun fèrè, wọ́n ń sọ pé, "Shap, sisi, má jẹ́ kó sinmi." Shap ni wọ́n ń pe "ó dáa" níbí. Ìgbà tó fi dá mi dá kẹ̀kẹ́, ọ̀nà Yúróòpù ló kù. Ní oṣù kẹfà, nígbà tí èmi àti ọkọ mi lọ gba ìsinmi ìgbéyàwó, láti Passau ní Jámánì títí dé Vienna ní Austria, lẹ́bàá odò Danube, ẹsẹ̀ mi méjèèjì ni mo fi wa kẹ̀kẹ́ náà. Èmi, ọmọ Ọláwọlé.

4. Kẹ̀kẹ́ náà, pẹ̀lú pọ́ńpù àti sípánà rẹ̀, mo fi fún Ṣadé, ọmọ Bùrọ̀dá Ọlọ́runṣògo. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀ títí yóò fi darúgbó.

5. Ológbò mi, tí orúkọ rẹ̀ ń jẹ́ Shap, ọkọ mi ni yóò máa tọ́jú rẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi Fasilat ni ìbá gbà á, ṣùgbọ́n òun ni ẹlẹ́rìí ìwé yìí, lọ́yà sì ní ẹlẹ́rìí kò gbọdọ̀ jogún. Fasilat ní ológbò wo ló tó kí òun tìtorí rẹ̀ pàdánù ìwé irú èyí.

6. Agogo kẹ̀kẹ́ mi, mo fi fún ọmọ tó wà nínú mi.

Ẹ gbọ́ bó ṣe tẹ̀ mí lọ́wọ́. Ní abúlé kan lẹ́yìn ìlú Linz, òjò lé wa wọ iwájú ilé ìyá àgbà kan. Bí ó ti jáde, mo kúnlẹ̀ kí i. Adéolúwa dọ̀bálẹ̀ gbalaja sínú koríko tútù. Ìyá náà rò pé a dákú ni. Ó figbe ta, ọmọ rẹ̀ gbé mi sórí bẹ́ẹ̀dì, wọ́n pe dókítà. Ọkọ mi ń ṣàlàyé pé ìkíni ni, kò sẹ́ni tó gbọ́. Dókítà yẹ̀ mí wò tán, ó bú sẹ́rìn-ín. Ó ní kò sí ohun tó ṣe orúnkún mi, ṣùgbọ́n a ti di mẹ́ta. Ó ní kí n máa gun kẹ̀kẹ́ jẹ́jẹ́, níbi tí ilẹ̀ bá ti tẹ́jú nìkan. Ìyá àgbà tú agogo kẹ̀kẹ́ tirẹ̀, ó dè é mọ́ tèmi, kí gbogbo ọ̀nà lè mọ̀ pé aboyún ń bọ̀. Mo ń lù ú títí a fi wọ Vienna.

7. Bí èmi àti ọkọ mi kò bá sí, Aǹtí Àbísóyè ni kí ó tọ́ ọmọ wa. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé n kò gbọdọ̀ kí àgbà lóòró, Aǹtí. Ìkúnlẹ̀ yẹn ni ìròyìn ọmọ yìí bá wá.

Mo mọ ohun tó wà láàárín wa. Ní oṣù karùn-ún ọdún 2008, nígbà tí wọ́n ń lé àwọn àjèjì ní ìlú yìí, ẹ ní kí n máa bọ̀ nílé. Mo dúró nítorí Adéolúwa, n kò sì kábàámọ̀. Ẹ ní ẹsẹ̀ yín kò ní tẹ ìlú yìí láéláé, ẹ kò sì wá síbi ìgbéyàwó wa ní oṣù kẹrin. Àga yín wà níwájú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà, n kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jókòó lé e. Ṣùgbọ́n n kò lè fi ọmọ lé ẹni tí kò gbé e rí lọ́wọ́. Nítorí náà, ọwọ́ yín ni kí ó kọ́kọ́ wẹ̀ ẹ́. Adéolúwa ti ra tíkẹ́ẹ̀tì yín. Dókítà ní kí a máa retí ọmọ lẹ́yìn àárín oṣù kìíní, kí ẹ̀yin àti gbogbo ẹbí sì ti wà nílé kí ó tó dé. Èmi àti agogo mi yóò wà ní pápákọ̀ òfuurufú.

Mo fọwọ́ sí i ní Johannesburg, lọ́jọ́ Sátidé, ọjọ́ kọkàndínlọ́gbọ̀n, oṣù kẹjọ, ọdún 2009.

Fèyíkẹ́ Olúbùnmi Mákindé

Àwọn ẹlẹ́rìí: Fasilat Àkànjí, tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtajà òògùn, Jesse Mokoena, aládùúgbò wa.

Ọjọ́ tí gbogbo yín gbọdọ̀ dé: Sátidé, ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù kìíní, ọdún 2010.