Ọgbà Ilá àti Mọ́tò Dirẹtọ́

Sanson, ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àìkú, oṣù kẹjọ.

Mùfú ọmọ mi, tó jẹ́ dirẹtọ́, ọ̀gá iléeṣẹ́, ti Kútọnu dé lánàá. Kò tíì mu omi tó ti ń fi ẹsẹ̀ wọn ọgbà ilá mi. Ó ní òun fẹ́ da simẹ́ńtì sí i, kí mọ́tò òun lè ríbi sùn.

"Bàbá, ẹ ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà. Kò yẹ kí bàbá dirẹtọ́ máa kọ ebè lẹ́yìnkùlé."

Mo fi Faransé pè é lọ́gá: "Mo gbọ́, Mùsé Dirẹtọ́." Ẹni tí ebi kò tíì pa, ọ̀rọ̀ rẹ̀ máa ń gùn.

Lọ́sàn-án òní mo já ilá, mo sì ká ata. Ìyá rẹ̀ gúnyán, ó fi wàgàsì, wàrà Fúlàní, sí ọbẹ̀. Láti ìgbà tí Mùfú ti di ọ̀gá, ó máa ń ṣẹ́ oúnjẹ kù sílẹ̀ fún àwọn ọmọ ilé, bíi bàbá àgbà. Lónìí, ìka ló fi nu àwo.

Ìyá rẹ̀ kàn wò ó. "Àgbà tó jẹ àjẹìwẹ̀yìn ni yóò ru igbá rẹ̀ délé."

Ni dirẹtọ́ bá gbé àwo, ó di ilé ìdáná. Nígbà tó ń bọ̀, ó dúró létí ọgbà.

"Bàbá, tí mo bá tún wá lóṣù tó ń bọ̀, ṣé ilá á ṣì wà?"

"Bi simẹ́ńtì rẹ léèrè."

Ó rẹ́rìn-ín. Kí ilẹ̀ tó ṣú, ó wa mọ́tò rẹ̀ kúrò létí ọgbà, ó gbé e lọ sábẹ́ máńgòrò.

Ibi tí táyà rẹ̀ tẹ̀ mọ́lẹ̀, tẹ̀tẹ̀ ni màá gbìn síbẹ̀ lọ́la.