Ara Bàbá Rẹ Kò Le, A Dúpẹ́

Adúmáadán ọmọ mi,

Bí lẹ́tà yìí bá bá ọ lórí ìdúró, wá ìjókòó, nítorí ayọ̀ inú rẹ̀ wúwo. Ṣé àlàáfíà ni o wà? Ẹlẹ́dàá rẹ kò ní sùn o. Gbogbo wa ló ń kí ọ, títí kan ewúrẹ́ tó jẹ bàtà rẹ lọ́jọ́sí.

O rántí owó tí ọ̀gá àwọn káfíńtà máa ń yọ nínú owó oṣù bàbá rẹ fún àwọn adójútòfò, tí bàbá rẹ ń pariwo pé wọ́n ń gbowó ìtọ́jú ọwọ́ tí kò dun òun? Látìgbà tó ti já bọ́ lórí òrùlé, tí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lè di nǹkan mú mọ́, owó oṣù ti dúró, àwọn adójútòfò yẹn ló kù tí a ń wò lójú. Wọ́n wá rán ọkùnrin kan wá yẹ̀ ẹ́ wò. Ọkùnrin náà jókòó, ó bi bàbá rẹ bóyá ara le. Ọmọ mi, bí àlejò bá béèrè bóyá ara le, kí ni ọmọlúàbí ń sọ? Bàbá rẹ ní a dúpẹ́, ara òun le koko bí ọta. Èmi náà ò jẹ́ kó dá nìkan sọ ọ́, mo ní ọkọ mi á dá gbé kọ́bọ́ọ̀dù. Ọkùnrin náà kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, ó ń palẹ̀ mọ́, àwa ń rẹ́rìn-ín, àṣé ẹnu wa la fi ń da ọbẹ̀ ara wa nù.

Bó ṣe fẹ́ dìde ni àga mì. Bàbá rẹ kì í rí àga tó ń mì kó má kàn án. Ó gbé òòlù, òòlù bọ́. Ó tún gbé e, ó tún bọ́. Ojú tì í, omi sì bọ́ lójú mi, ni mo bá jẹ́wọ́ pé èmi ni mò ń bá a de bọ́tìnnì ẹ̀wù láràárọ̀. Ọkùnrin náà padà jókòó sórí àga tó ń mì yẹn. Ó ní owó náà kì í ṣe ìtọrẹ àánú, òógùn bàbá rẹ àti ti àwọn òṣìṣẹ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ ni, tí wọ́n jọ dá jọ kí ìkòkò má baà kúrò lórí iná lọ́jọ́ tí ọwọ́ ẹnì kan bá kọṣẹ́.

Ọmọ mi, owó ti dé, yóò sì máa dé lóṣooṣù! Báǹkì fúnra wọn ló kọ ọ́ sórí fóònù wa. Mo kúnlẹ̀ kí wọn, mo sì kọ àdúrà gígùn ránṣẹ́ padà, àmọ́ wọn ò tíì dáhùn, bóyá iṣẹ́ ló pọ̀ lọ́wọ́ wọn. Bàbá rẹ ti san owó ilé, ó tún ń lọ síbi iṣẹ́ lọ fi ọwọ́ òsì júwe àṣìṣe àwọn káfíńtà yòókù fún wọn.

Nítorí náà, má fi owó oúnjẹ ránṣẹ́ lóṣù yìí. Owó káàdì fóònù díẹ̀ ni mo ń tọrọ, kí n lè máa kí báǹkì, torí àìkíni kò dáa. Èyí tó bá kù, mú un tọ àwọn adójútòfò lọ nítorí ọwọ́ tìrẹ. Ọwọ́ rẹ kò ní kọṣẹ́ láéláé. Ṣùgbọ́n bí ẹni tó mú bírò dání bá bi ọ́ pé ṣé ara le, jọ̀ọ́, sọ òtítọ́ fún un ná, kí o tó dúpẹ́.

Èmi ni ìyá rẹ, tí ara tèmi le ní tòótọ́.