Ẹ̀rín Ara Ògiri

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, okun o. Kàbà níbí là ń gbọ́ yín. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi orúkọ mi bò mí láṣìírí.

Fọ́tò ni mò ń yà, orí kẹ̀kẹ́ ni mo ń gbé kámẹ́rà mi káàkiri abúlé. Lọ́dún tó kọjá, mo ya ìyá kan tí n ó pè ní Rhoda níwájú ilé rẹ̀. Mo ṣèèṣì ṣí kámẹ́rà kí n tó ká fíìmù tán, ìmọ́lẹ̀ bà á jẹ́. Kí n tó padà lọ, wọ́n ti sin ìyá. Ojú tì mí. Mo bẹ àbúrò rẹ̀ tó jọ ọ́ gan-an, ó wọ aṣọ Rhoda, mo yà á, mo sì gbé e fún ọkọ olóògbé, tí ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bàbá ránṣẹ́ pè mí. Mo ní àṣírí ti tú. Ó kàn di ọwọ́ mi mú ni: "Ọmọ mi, láti ọjọ́ tí ọmọ wa ti kú, Rhoda ò rẹ́rìn-ín mọ́. Ìwọ lo mú un rẹ́rìn-ín. O ṣé o."

Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ gbà mí nímọ̀ràn. Ṣé kí n jẹ́wọ́ fún bàbá ni, àbí kí n jẹ́ kí Rhoda máa rẹ́rìn-ín lọ?