Ẹ̀rọ Tí Kò Ní Fìyà Jẹ Orúnkún

Ìyá mi àtàtà,

Ẹ kú ojú lọ́nà. Ara mi le. Wọ́n tilẹ̀ ti gbé tábìlì mi wá sí ìsàlẹ̀ ilé iṣẹ́ kí n má baà máa gun àtẹ̀gùn. Ẹ rí i pé wọ́n mọyì mi. Ẹ ń béèrè ìgbà tí n óò wálé. Ẹ ṣe sùúrù díẹ̀ sí i.

Mo ra ẹ̀rọ ìdárayá kan. Èyí tí à ń sáré lórí rẹ̀ ń gbo orúnkún jìgìjìgì, kẹ̀kẹ́ tí kì í kúrò lójú kan sì ń ká a jù. Mo mú èyí tí ẹsẹ̀ kì í kúrò lórí rẹ̀, tí à ń tẹ̀ wọ́ọ́rọ́wọ́ bí ẹni ń rìn.

Nígbà tí mo sọ fún ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń tà á pé n kò fẹ́ èyí tí yóò fìyà jẹ orúnkún mi, ó ní, "Kí lo fẹ́ fi orúnkún ṣe gan-an?"

Mo ní, "'Kí lẹ fẹ́ fi ṣe' ni à ń wí fún àgbà."

"Ẹ má bínú, mà. Kí lẹ fẹ́ fi ṣe?"

"Ìyá mi ni mo fẹ́ kúnlẹ̀ kí."

"Ẹ dúró kí wọn. Wọn ò ní lù yín!"

Mo sanwó ẹ̀rọ náà. Ṣé èmi tí mo máa ń dá àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n padà sẹ́nu ọ̀nà títí orúnkún wọn yóò fi kanlẹ̀ ni n óò dúró níwájú yín ṣánṣán bí òpó iná?

Mo ń tẹ̀ ẹ́ láràárọ̀. Ó ń sú mi, ṣùgbọ́n n kò jáwọ́.

Ẹ bá mi kí ẹ̀gbọ́n. Nínú ìwé yìí, orúnkún mi méjèèjì kanlẹ̀ kí yín. Ẹ má tètè ní kí n dìde.

Ọmọ yín obìnrin.