Iléeṣẹ́ Tí Ó Dúró De Èsì Bàbá

Olóòtú wa ọ̀wọ́n, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ láti Ayétòrò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má dárúkọ mi.

Ọmọbìnrin mi, tí ó kọ́ iṣẹ́ ṣíṣe ètò orí kọ̀ǹpútà, rí iṣẹ́ méjì lẹ́ẹ̀kan náà: ọ̀kan ní iléeṣẹ́ ńlá ní Èkó, èkejì ní iléeṣẹ́ kékeré ní Abẹ́òkúta. Gẹ́gẹ́ bí mo ti kọ́ ọ, ó ní kí wọ́n jẹ́ kí òun kọ́kọ́ bi àwọn òbí òun. Ọ̀gá ti Èkó rẹ́rìn-ín: "Ṣé bàbá ẹ ló fẹ́ wá ṣiṣẹ́ ni?" Ọ̀gá ti Abẹ́òkúta pè mí fúnra rẹ̀: "Ẹ kú ìtọ́jú ọmọ, sà. A ó dúró."

Ìyá rẹ̀, tí ọjà rẹ̀ ní Ìdí-Ìrókò ti kú láti ìgbà tí ìjọba ti ti ibodè, ní Èkó ni kí ó lọ, nítorí owó oṣù ibẹ̀. Ọmọ náà kúnlẹ̀: "Màmá, ẹ má bínú. Ẹni tó lè dúró de èsì Bàbá, á lè dúró kí n mọṣẹ́."

Orí mi wú! Abẹ́òkúta ni ó gbà.

Ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ ṣì ń tẹnu mọ́ ọn pé ìwà kì í se ọbẹ̀. Ẹ̀yin olùgbọ́, ẹ bá mi dá a lóhùn. Yóò wà ní ẹ̀bá rédíò, yóò sì gbọ́ yín.