Abọ́ Tó Kọjú sí Gábàsì Nílé Wa

Ẹ̀bá Sábó,
Ògbómọ̀ṣọ́.
Ọjọ́ kẹrìnlélógún, oṣù kẹsàn-án, 1988.

Rúùtù, ọmọ mi àtàtà,

Mo kí ọ, mo sì tún kí ọ, nítorí oṣù mẹ́jọ ni n kò fi kí ọ, bí mo bá kí ọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo á dà bíi pé mo ń fi ọ́ ṣeré. O kú iṣẹ́, o kú làálàá, o kú ariwo Èkó. Ilẹ̀ Èkó kò ní yọ̀ mọ́ ọ lẹ́sẹ̀, mọ́tò kò ní kọlù ọ́, oúnjẹ tí o bá jẹ yóò bá ọ lára mu, àmín. Ara wa le níhìn-ín, àfi orúnkún mi ọ̀tún tó máa ń sọ̀rọ̀ bí òjò bá ti ṣú, àti ìyá mi, ìyá rẹ àgbà, tí etí rẹ̀ ń gbọ́ ohun tí a kò sọ, tí kì í sì í gbọ́ èyí tí a sọ.

Ọ̀rọ̀ abọ́ ńlá tó ń gbé àwòrán láti ojú ọ̀run ni mo fẹ́ bá ọ sọ. Mo mọ̀ pé Hafeez, ọmọ Ọ̀yọ́ tó fẹ́ ọ, ló fi ránṣẹ́. Josiah tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ wáyà ló gbé e wá, ó ní òyìnbó ọ̀gá wọn tó padà sílùú rẹ̀ ló fi ta Hafeez lọ́rẹ, Hafeez sì ní kò sí ibi tó yẹ kí òun gbé e lọ ju ilé àwọn òbí ìyàwó òun lọ. Inú bí mi nígbà tí mo gbọ́ ìyẹn. Ìwọ náà mọ̀ pé n kò wá síbi ìgbéyàwó yín, mo ti fọ́nnu pé ọmọ Bàbá Ìjọ kò ní fẹ́ Mùsùlùmí lójú mi. Ìyá rẹ nìkan ló wá, láti ọjọ́ tó sì ti dé ló ti pa ẹnu mọ́ sí mi. Kò yájú sí mi o. Ó ń kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀, ó ń gbé oúnjẹ fún mi, ẹran rẹ̀ kò sì kéré, ṣùgbọ́n lẹ́yìn ẹ káàárọ̀ kò sí ọ̀rọ̀ mìíràn, á wọ yàrá rẹ̀, á tilẹ̀kùn. Oṣù mẹ́jọ, Rúùtù! Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bá ògiri sọ̀rọ̀.

Mo fẹ́ dá abọ́ náà padà, ṣùgbọ́n kí n tó wọ bàtà tán ìyá rẹ ti ní kí wọ́n gbé e wọlé, wọ́n sì ti ń po sìmẹ́ǹtì ní ẹ̀yìnkùlé. Abọ́ náà fẹ̀ débi pé ọmọ mẹ́ta lè wẹ̀ nínú rẹ̀. Josiah kó tẹlifíṣọ̀n àlòkù méjì wá kún tiwa àtijọ́, ó ní òun máa pín àwòrán náà sí yàrá mẹ́ta, pálọ̀ tí mo ń jókòó sí, yàrá ìyá rẹ àti ti ìyá àgbà. Bí mo ti gbọ́ pé ó fẹ́ pín in, mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo bi í pé ta ni orí máa bọ́ sí lọ́wọ́, nítorí n kò fẹ́ kí orí àwọn ènìyàn wà ní yàrá ìyá rẹ kí ó wá jẹ́ ẹsẹ̀ nìkan ni èmi olórí ilé yóò máa wò ní pálọ̀. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó mú nǹkan kan jáde tí kò ju páálí ìṣáná lọ, wáyà kan wọlé níwájú, mẹ́ta jáde lẹ́yìn, ó ní bí ìgbà tí a bá ran fìtílà lára fìtílà ni, pé iná ti àkọ́kọ́ kì í dín. Ó yé mi, ṣùgbọ́n mo ṣì yọ́ lọ wo wáyà ìyá rẹ bóyá ó sanra ju tèmi lọ.

Ohun tí kò yé mi ni ibi tó kọ abọ́ náà sí. Ó yí i síhìn-ín, ó yí i sọ́hùn-ún, nígbà tí yóò dè é mọ́lẹ̀, gábàsì ló kọjú sí, ibi tí àwọn Mùsùlùmí ń kọjú sí kírun gan-an. Mo bi í pé ṣé Kìrìsìtẹ́nì lòun náà, ó ní bẹ́ẹ̀ ni, Áńgílíkà ni bàbá òun. Mo ní kí ló wá dé tó fi ń kọ abọ́ sí gábàsì, ó ní ibẹ̀ ni ohun tí àwọn òyìnbó jù sójú ọ̀run wà, bí a bá kọ ọ́ síbòmíràn a ò ní rí nǹkan kan. N kò gbà á gbọ́. Bí wọ́n sì ti tan tẹlifíṣọ̀n, àwọn wo la kọ́kọ́ rí? Àwọn aláṣọ funfun ni, wọ́n pọ̀ bí eéṣú, wọ́n ń yí ilé dúdú kan po ní Mẹ́kà. Mo ní háà, ó parí, Hafeez ti sọ ilé mi di mọ́ṣáláṣí. Ìyá àgbà ní tirẹ̀ figbe ta láti yàrá, ó ní òun ti rí ọ̀run, àwọn aláṣọ funfun náà nìyí, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá bàbá mi olóògbé láàárín wọn. Lójoojúmọ́ ló ń wá a.

Àpótí tí wọ́n fi ń yí àwòrán láti ibì kan sí òmíràn, ọ̀kan ṣoṣo ni, ọ̀dọ̀ mi ló wà, ohun tí mo bá sì fẹ́ wò ni gbogbo ilé máa wò. Ìyá rẹ fẹ́ràn àwọn òyìnbó tó ń fi pákó yọ̀ lórí yìnyín, èmi kò sì mọ̀, nítorí kò bá mi sọ̀rọ̀. Á rán ìyá àgbà sí mi pé kí n yí i síbẹ̀, ìyá àgbà á dé ọ̀dọ̀ mi, á ní ìyàwó mi ní kí n wá jẹun. Mo dìde lọ sí ilé ìdáná ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́jọ́ kan, kò sí iná lábẹ́ ìkòkò.

Ní Sátidé tó kọjá, ìyá rẹ lọ sọ́jà, mo mú sípánà kẹ̀kẹ́ mi, mo tú abọ́ náà, mo yí i kọjú sí ṣọ́ọ̀ṣì wa. Mo rò pé orin ìyìn ni a ó máa gbọ́. Ohun tí a rí ni funfun wúruwùru bí ẹni ń ku èlùbọ́, pẹ̀lú ariwo ṣááá, ní yàrá mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, bákan náà. Ìgbà yẹn ló wá dá mi lójú pé Josiah pín in dọ́gba lóòótọ́. Ìyá àgbà bú sẹ́kún. Ó ní ta ló tilẹ̀kùn, pé òun kò tíì rí bàbá, ó sì kọ oúnjẹ. Rúùtù, ẹkún ìyá ẹni kò ṣe é gbọ́. Mo sáré padà sídìí abọ́, mo yí i, mo yí i, òógùn bò mí, kò dá mi lóhùn.

Ibẹ̀ ni ìyá rẹ bá mi. Ó wo abọ́, ó wò mí, ó sọ ẹrù orí rẹ̀ kalẹ̀, ó ní Bàbá Rúùtù, kí lẹ fọwọ́ ara yín fà yìí? Ọmọ mi, ìbáwí ni, ṣùgbọ́n inú mi dùn, ó ti bá mi sọ̀rọ̀! Ó wọ yàrá rẹ̀ láti máa wo ojú tẹlifíṣọ̀n, èmi ń yí abọ́ lóde. Á ké láti ojú fèrèsé pé ó ń bọ̀, mo dúró, á ní ó ti lọ. Ó ní òsì, mo lọ sósì, ó ní òsì òun lòun wí, kì í ṣe tèmi. A ṣe é títí ọ̀sán fi pọ́n. Nígbà tó sú u, ó yọrí síta, ó ní ṣebí ẹ̀yin lẹ ní gábàsì ló kọjú sí, ẹ kúkú lọ bi ẹni tó mọ gábàsì.

Ẹni tó mọ̀ ọ́n náà ni Alfa Kareem, tí ilé rẹ̀ wà ní òdìkejì títì. Èmi Bàbá Ìjọ, lọ́sàn-án gangan, lójú ìyàwó olórí akọrin tó ń ta gàárì lẹ́bàá ọ̀nà! Mo dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, mo ní Alfa, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá fi gábàsì hàn mí. Ojú Alfa tàn, ó ní Alihamudulilahi, ọjọ́ tóun ti ń tọrọ nìyí, ó sì na búútà omi sí mi kí n ṣe àlùwàlá. Mo ní rárá o, abọ́ mi ni. Ó ní abọ́ ló fẹ́ kírun? Nígbà tí mo ṣàlàyé tán, ó rẹ́rìn-ín, ó tẹ̀lé mi. Ó dúró ní ẹ̀yìnkùlé, ó wo òjìji ara rẹ̀, ó nawọ́. Mo ń sún abọ́ tẹ̀lé ọwọ́ rẹ̀, díẹ̀díẹ̀, ìyá rẹ figbe ta ní yàrá tirẹ̀, ìyá àgbà figbe ta ní tirẹ̀. Àwòrán ti dé.

Ìyá rẹ jáde, Alfa ròyìn ọ̀rọ̀ búútà fún un, ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó ní àlùwàlá, ẹ̀yin, àlùwàlá! Èmi náà rẹ́rìn-ín. Lọ́jọ́ náà kò padà sí yàrá rẹ̀ mọ́, ó wá jókòó tì mí ní pálọ̀, ìyá àgbà náà ní kí a wá gbé òun, yàrá méjì tó kù ń fi àwòrán han ògiri. Nígbà tó yá, ìyá rẹ rọra ní ẹni tó fún wa ní nǹkan yìí, ẹ ò tíì dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Rúùtù, nígbà tí n kò wá síbi ìgbéyàwó yín, kì í ṣe Ọlọ́run ni mo ń gbèjà, ẹnu ayé ni mo bẹ̀rù. Ayé sì ti rí èmi àti Alfa lójú títì, ṣọ́ọ̀ṣì kò wó. Mo ṣẹ̀ ọ́, ọmọ mi, dárí jì mí. Ó ń dùn mí pé wọ́n fà ọ́ lé ọkọ lọ́wọ́, ọwọ́ mi kò sì sí níbẹ̀.

Nítorí náà, fi owó díẹ̀ ránṣẹ́, àgbò ni mo fẹ́ fi rà de ìgbà tí ẹ bá ń bọ̀, Alfa Kareem ní òun lòun máa dúńbú rẹ̀, kí ọkọ rẹ lè jẹ ẹ́ láìfòyà. Sọ fún Hafeez kí ó mú wáyà gígùn dání, àti páálí ìṣáná yẹn, irú èyí tó ń pín sọ́nà mẹ́rin, kí ó wá fa ti yàrá yín fúnra rẹ̀, n kò fẹ́ Josiah. Yàrá tí mo ń kó iṣu sí tẹ́lẹ̀ ni. Mo ti kó iṣu jáde, ìyá rẹ sì ti kùn ún. Kí ọkọ rẹ má baà máa wá ibi tí yóò kọjú sí bí ilẹ̀ bá mọ́, mo pe Alfa wọ ibẹ̀, ó nawọ́, mo sì fi ṣọ́ọ̀kì fa ìlà gbọọrọ sára ògiri ní ibi tí gábàsì wà.

Ọlọ́run yóò mú yín dé láìkọsẹ̀. Ẹ ó dàgbà pọ̀, ẹ ò ní pa ẹnu mọ́ sí ara yín láé. Ẹ tètè máa bọ̀.

Èmi ni,
Bàbá ẹ̀yin méjèèjì,
Ebenezer.