Èmi Ni Kọ̀ndọ́kítọ̀ Rẹ̀ Báyìí

Màámi, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Ohùn mi lẹ̀ ń gbọ́ lọ́tẹ̀ yìí dípò lẹ́tà. Ìwé kíkọ ló sú mi.

Bọ́ọ̀sì ìgboro àtijọ́ tí wọ́n ti pa tì, tí mo ń tún ṣe láti ọdún mẹ́ta, tí mo fi ń najú lẹ́yìn iṣẹ́, ti ń rìn. Wọ́n ní ọ̀dà pupa tí mo kùn ún ń dán yinrin. Ọ̀rẹ́ mi wẹ́dà ló ń wà á lọ́jọọjọ́ Àìkú. Dókítà ojú ní kí n ṣì fi ọkọ̀ wíwà sílẹ̀ ná. Ẹ má dààmú, kò tó nǹkan.

Èmi ni kọ̀ndọ́kítọ̀. Màá di irin ẹnu ọ̀nà mú; tí ọkọ̀ bá ti yí kọ́nà lẹ́ẹ̀kẹta, mo mọ̀ pé pósófíìsì la dé, màá sì pè é. Ẹnikẹ́ni ò tíì fura. Bàbá àgbàlagbà kan tiẹ̀ sọ pé, “Ojú ẹ mọ̀nà gan-an.” Mo rẹ́rìn-ín títí.

Ẹ bá mi kí àbúrò mi kú ewu ọmọ. Fọ́tò ọmọ tuntun tẹ́ ẹ fi ránṣẹ́ ti dé, àpò àyà mi ló wà. Ẹ jọ̀ọ́, Màámi, ẹ fẹnu sọ fún mi: ta ni ọmọ náà jọ?